Omi, Oúnjẹ àti Ilé ní Erékùṣù Èkó

Èkó tí àwọn àgbà ń kì ní Àkéte ilé ọgbọ́n, erékùṣù ni. Omi ni ó yí i ká ní àríwá, ní ìwọ̀-oòrùn àti ní gúúsù; ní ìhà ìlà-oòrùn, irà àti àbàtà ni ó pààlà sáàrin rẹ̀ àti Ìkòyí. Kí a tó ṣí Afárá Carter ní ọdún 1901, kò sí ẹ̀dá tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìdó wọ inú ìlú náà. Ẹni tí yóò wọlé, ọkọ̀ ni yóò gbé e wọlé. Ẹni tí yóò jáde, ọkọ̀ ni yóò gbé e jáde. Iṣu, gàrí, igi ìdáná, ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, àní ẹran tí a ń pa jẹ nígbà ọdún, gbogbo wọn ni ó ń gba orí omi kọjá kí wọ́n tó dé ìdí ààrò obìnrin Èkó.

Ìtàn Èkó tí a sábà ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ti ọba àti ti ìbọn. A máa ń kà pé ní òpin ọdún 1851 àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò ọta lu ìlú náà, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ jáde, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. A máa ń kà pé ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn náà tọ́ láti mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kì í ṣe ìwé àdéhùn. Ó wo inú àmù bóyá omi kù níbẹ̀. Ó ka iye ẹnu tí yóò jẹun. Ó gbé ojú sókè wo òrùlé, bóyá òjò òru ti rí ààyè gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ kékeré ni ìwọ̀nyí lójú ẹni tí ń kọ ìtàn ogun. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti ìdí àmù, láti ìdí ọjà, àti láti abẹ́ òrùlé yìí ni àwọn ìjà tí ó gbóná jùlọ tí ará Èkó bá ìjọba jà ti ṣẹ̀.

Ìlú kan ni Èkó, ṣùgbọ́n àdúgbò rẹ̀ kò rí bákan náà. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ojúlé àwọn ọmọ onílẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba, wà. Bí ènìyàn bá tẹ́tí sí orúkọ àwọn àdúgbò ibẹ̀, Ìdúmọ̀tà, Ìdúmàgbò, Ìdúnṣàgbè, yóò gbọ́ ohùn Ìbìní nínú wọn, nítorí láti inú ọ̀rọ̀ Ìbìní tí ó túmọ̀ sí àdúgbò ni «ìdú» tí ó bẹ̀rẹ̀ wọn ti wá. Ní Ọlọ́wọ̀gbọwọ̀ ni àwọn Sàró tẹ̀dó sí, àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n ti gbé ní Freetown kí wọ́n tó wá ọ̀nà padà sílé. Àwọn tí ó ti Brazil àti Cuba dé, tí a ń pè ní Àgùdà, gba ilẹ̀ ní Pópó Àgùdà. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíríkìlà, káfíńtà àti aránṣọ, ọwọ́ wọn sì hàn lára Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Etí omi ní Marina ni àwọn òyìnbó oníṣòwò àti àwọn aláṣẹ ìjọba kọ́lé sí. Èdè wọn yàtọ̀, ẹ̀sìn wọn yàtọ̀, oúnjẹ wọn pàápàá yàtọ̀. Síbẹ̀ ọ̀nà kan ni gbogbo wọn fi jọ wà: omi tí wọn yóò mu ṣòro láti rí.

Ohun tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu nìyẹn. Omi ni ó gba iwájú àti ẹ̀yìn Èkó, síbẹ̀ òùngbẹ lè gbẹ ènìyàn níbẹ̀. Ọ̀sà Èkó kò dàbí odò Ògùn tàbí odò Ọ̀ṣun. Ẹnu rẹ̀ ṣí sí òkun, bí omi òkun bá sì ń kún, iyọ̀ a bá a wọlé. Ní àkókò òjò, nígbà tí odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn bá ń tú omi wọn sínú ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ a dínkù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, tí àwọn odò náà sì fà, omi ọ̀sà a di èyí tí a lè fi fọ ẹsẹ̀, tí kò ṣeé gbé sẹ́nu.

Nítorí náà, kànga ni ìlú náà gbójú lé. Iyanrìn ni ilẹ̀ Èkó. Bí òjò bá rọ̀, omi a rì sínú iyanrìn náà, a sì léfòó lórí omi iyọ̀ tí ó ti wà nísàlẹ̀, nítorí omi òjò fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ. Omi òjò tí ó dúró bẹ́ẹ̀ ni kànga Èkó ń pèsè. Agbẹ́kànga kò gbọdọ̀ jẹ́ oníwọ̀ra: bí ó bá gbẹ́ ẹ jìn jù, iyọ̀ ni yóò bá pàdé, bí kò bá sì jìn tó, kànga náà yóò gbẹ kí òjò tó padà dé. Kànga tí ó dára jẹ́ ọrọ̀ fún agbo ilé tí ó ni ín. Àwọn aládùúgbò mọ èyí tí omi rẹ̀ dùn àti èyí tí ó jẹ́ pé aṣọ nìkan ni a lè fi fọ̀.

Iṣẹ́ ọmọdé àti ti obìnrin ni omi pípọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni àwọn ọmọ yóò ti to ara wọn sí ìdí kànga, òṣùká lórí, ìkòkò tàbí agbè lọ́wọ́. Nígbà tí ó yá, garawa páànù ni ó gba ipò ìkòkò. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹni tí ó bímọ lóru, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì dé láti Ẹ̀pẹ́, àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù jáde. Ìjà kì í wọ́n ní ìdí kànga nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ẹni tí ó kẹ́yìn dé lè bá ẹrẹ̀ nínú rẹ̀. Bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé a sinmi: ìkòkò àti àgbá ni a ó gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Omi tí ó bá gba orí òrùlé ewé kọjá a máa ní àwọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí páànù bẹ̀rẹ̀ sí borí ewé, omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ mọ́ gaara.

Àwọn kan rí i pé omi lè di ọjà títà. Ìdílé da Rocha wà lára wọn. João Esan da Rocha jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Ó gba òmìnira níbẹ̀, ó sì padà sí Èkó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Candido, ẹni tí a bí sí Bahia ní ọdún 1860. Ní òpópónà Kakawa ni ìdílé náà kọ́ ilé ńlá kan sí. Omi inú kànga ilé náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń wá rà á, ibi tí orúkọ náà, Ilé Omi, ti mọ́ ọn lára nìyẹn. Orúkọ náà ni òǹkọ̀wé ará Brazil, Antonio Olinto, fún ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1969. Ó yẹ fún àkíyèsí pé ẹni tí a rà tí a tà bí ẹrù ní òkèèrè ni ó padà wálé wá di ẹni tí ìlú ń ra omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i ní erékùṣù náà, àléébù kànga ń hàn. Iyanrìn a máa jẹ́ kí omi tètè kọjá, kò sì mọ omi òjò yàtọ̀ sí omi ẹ̀gbin. Nínú agbo ilé tí ó há, ṣáláńgá kì í jìnnà sí kànga. Ohun tí ó bá rì nínú ọ̀kan a máa yọ́ lọ bá èkejì. Ìgbẹ́ ọ̀rìn àti àrùn inú mìíràn kò wọ́n. Àwọn dókítà ìjọba tọ́ka sí èyí, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ní ọdún 1908, nígbà tí Walter Egerton jẹ́ gómìnà, ìjọba múra láti fa omi ẹ̀rọ wá sí Èkó, ó sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú san owó lé e lórí.

Ìlú dìde. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ People's Union láti tako owó náà. Dókítà ni àwọn méjèèjì, wọn kì í ṣe aláìmọ̀ nípa ohun tí omi búburú ń fà. Herbert Macaulay, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n àti ilé yíyàwòrán, tako ìjọba pẹ̀lú. Àwọn ọlọ́jà ti ìsọ̀ wọn, ọ̀gọ̀rọ̀ ènìyàn sì tú jáde lọ bá gómìnà. Ohun tí wọ́n ń wí kò le láti lóye: kànga tí bàbá wọn mu kò tíì gbẹ, òjò ṣì ń rọ̀, àwọn òyìnbó Marina ni ó ń fẹ́ omi ẹ̀rọ, kí àwọn òyìnbó Marina san owó rẹ̀.

Ìdáhùn yìí kò ka ẹ̀gbin inú kànga sí tó bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó lágbára jù ú lọ. Nínú ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin fún Èkó ní ọdún 1908, kò sí ẹnì kan tí ará ìlú dìbò yàn. Ọdún 1923 ni a tó kọ́kọ́ dìbò yàn wọ́n, nígbà náà pàápàá, ọkùnrin tí ó ń rí 100 pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ní kí onílé sanwó omi, ohun tí onílé gbọ́ ni pé àlejò fẹ́ máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilé bàbá òun láìbi í léèrè. Bí ìjọba bá lè gba owó lórí omi lónìí, kí ni yóò gba owó lé lórí lọ́la? Lójú ẹni tí ọ̀ràn kàn, ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ìjà náà dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, kò pa á. Láti odò kan ní Ìjú, tí ó ju máìlì 15 lọ sí àríwá erékùṣù náà, ni a ti gbé ọ̀pá irin wá sí Èkó, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí dé ní ọdún 1915. Ní ọdún 1916, nígbà tí ìjọba Lugard fẹ́ gba owó rẹ̀, ìlú tún gbóná. Ọba Èṣùgbàyí, tí a ń pè ní Elékòó, àti Macaulay wà ní ìhà àwọn ará ìlú, ìjọba kò sì gbàgbé fún wọn. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn mìíràn ni ó tún wáyé láàrin ọba náà àti ìjọba kí wọ́n tó rọ̀ ọ́ lóyè ní ọdún 1925, tí wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà sí Èkó ní ọdún 1931. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó wàjà.

Ní ti omi náà, ìlú mu ún. Kò pẹ́ tí ìdí ẹ̀rọ omi ìgboro fi di ohun tí ìdí kànga ti jẹ́: àwọn ọmọ kan náà ni ó tò síbẹ̀, òṣùká kan náà ni ó wà lórí wọn, ìjà kan náà ni wọ́n ń jà.

Bí omi ti rí ni oúnjẹ rí. Erékùṣù tí ó kún fún ilé kò ní oko. Ẹja ni omi rẹ̀ fi ń tọ́ ọ. Gbogbo ìyókù ń ti òdìkejì ọ̀sà wá. Ní Ẹ̀bútẹ̀ Èrò, ọkọ̀ láti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́, Ẹjìnrìn àti Àgbádárìgì ń gúnlẹ̀, àwọn kan nípa ọ̀pá, àwọn kan nípa àjẹ̀, àwọn kan nípa ìgbòkun. Òwò láti etí omi dé ìdí ààrò, ọwọ́ obìnrin ni ó wà. Obìnrin ni ó ń ra ẹrù lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, obìnrin ni ó ń pín in fún alátùntà, obìnrin ni ó sì ń kiri rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Bí oúnjẹ kan náà ti ń kọjá láti àdúgbò kan dé èkejì, ìlò rẹ̀ ń yí padà. Ẹ̀wà tí obìnrin Ìsàlẹ̀ Èkó yóò lọ̀ di àkàrà, obìnrin Àgùdà a sè é, a lọ̀ ọ́ kúnná, a sì fi omi àgbọn sí i di fúrẹ́jọ̀n, èyí tí àwọn Àgùdà ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Kò pẹ́ tí àwọn tí kì í ṣe Àgùdà pàápàá fi ń retí abọ́ tiwọn ní ọjọ́ náà.

Ní ọdún 1940, nígbà tí ogun ń jà ní Yúróòpù, ìjọba kéde pé obìnrin Èkó tí owó tí ń wọlé fún un bá ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún yóò máa san owó-orí. Àwọn ọlọ́jà kò fara mọ́ ọn. Aṣáájú wọn ni Alimotu Pelewura, obìnrin Mùsùlùmí tí ń ta ẹja ní ọjà Eréko. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ọjà ju àwọn tí ó kàwé lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà àwọn obìnrin ti ọjà, wọ́n sì wọ́ lọ bá àwọn aláṣẹ. Wọ́n ní àwọn ni àwọn ń bọ́ ilé tí ogun ti sọ di aláìní, àti pé owó-orí kì í ṣe ti obìnrin ní Èkó. Ìjọba sún òṣùwọ̀n náà láti 50 pọ́n-ùn dé 200 pọ́n-ùn. Ọlọ́jà mélòó ni ó ń rí 200 pọ́n-ùn lọ́dún nígbà náà? Owó-orí náà kò kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn mọ́.

Èyí tí ó tẹ̀lé e pẹ́ jù, ó sì kan gbogbo ilé. Ogun mú kí oúnjẹ gbówó lórí, ìjọba sì ní òun yóò fi òfin dè é. Ẹni tí a fi ṣe olórí iṣẹ́ náà ni Kápúténì A. P. Pullen. Láti ọdún 1941 ni a ti ń sọ iye tí a gbọdọ̀ ta gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ náà dára, nítorí ó dàbí ẹni pé yóò ran aláìní lọ́wọ́. Ní ìdí ọjà, ohun mìíràn ni ó ṣẹlẹ̀. Iye tí ìjọba dá kò tó iye tí alátùntà fi rà á lọ́nà oko, tí a bá tún fi owó ọkọ̀ kún un. Ẹni tí ó bá pa òfin mọ́ yóò pàdánù. Ẹni tí ó bá tà á bí ọjà ti rí yóò fojú ba ilé-ẹjọ́. Gàrí sá kúrò lójú títì, ó wọ inú yàrá. Ìjọba ṣí ibi tí òun fúnra rẹ̀ yóò ti máa tà á, àwọn ènìyàn sì ń tò síbẹ̀ títí tí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àwọn mìíràn yóò sì padà sílé pẹ̀lú igbá òfìfo. Ìjọba fẹ́ kí Pelewura bá wọn ṣiṣẹ́ náà, ó kọ̀. Ní ọdún 1945 ni ìjọba jáwọ́ nínú dídá iye lé oúnjẹ wọ̀nyí. Ọdún kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jákèjádò Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n. Pelewura kú ní ọdún 1951.

Ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀nà kò fa irú ìjà bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná dé Marina ní ọdún 1898, ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, fìtílà alépo àti àtùpà ni ó ń mọ́lẹ̀ ní agbo ilé àti ní ọjà alẹ́. Afárá Carter ṣí ní ọdún 1901, ọdún kan náà tí ọkọ̀ ojú irin láti Ìdó dé Ìbàdàn. Ní ọdún 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan, tí ń lo ooru omi, bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò láti Ìdó gba orí afárá náà wọ inú ìlú. Àwọn èrò kò gbádùn rẹ̀ pẹ́. Ẹ̀gbin ìlú ni ojú irin náà ń kó lọ dà sómi lẹ́yìn náà, títí di ọdún 1933. Àwọn tí ilé wọn wà létí ojú irin náà mọ àkókò tí ó ń kọjá láìwo aago.

Ẹ̀gbin yìí gan-an, pẹ̀lú ilé tí ó fún pọ̀, ni ó mú ọ̀rọ̀ wọ abẹ́ òrùlé. Ní ọdún 1924, àrùn kan bẹ̀rẹ̀ ní Èkó tí eku ń gbé kiri: kòkòrò kéékèèké tí ó wà lára eku ni ó ń bu ènìyàn jẹ, tí ó sì ń kó o ràn án, abẹ́ ìtan tàbí abíyá a wú, ibà líle a sì tẹ̀lé e. Títí dé ọdún 1930 ni àrùn náà ń lọ tí ó ń bọ̀. Àwọn wòléwòlé ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń pa eku, wọ́n ń tú àjà, wọ́n ń wó ilé tí wọ́n rí pé kò ṣeé tún ṣe. Ní ọdún 1928 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún àtúnṣe ìlú, èyí tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí LEDB. Ìgbìmọ̀ náà la ilẹ̀ sí Yàbá, ní òkè odò, kí èrò lè dínkù ní erékùṣù.

Ní ọdún 1955 ni ìgbìmọ̀ kan náà padà wá pẹ̀lú ètò tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òmìnira ń bọ̀, ìjọba sì fẹ́ kí olú-ìlú Nàìjíríà ṣeé fi han àlejò. A pinnu láti wó ilé tí ó wà lórí nǹkan bí éékà 70 ní àárín erékùṣù náà, kí a la títì, kí a sì pín ilẹ̀ náà ní tuntun. Àwọn tí a bá lé kúrò, a ó kọ́ ilé fún wọn ní Sùúrùlérè.

Ẹni tí ó bá wo àwọn ilé náà láti òde lè sọ pé kí ni ó wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò tìtorí rẹ̀ sunkún. Páànù wọn ti dípẹtà, ọ̀nà àárín wọn kò gba ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ti gbogbo ọmọ tí baba ńlá bí ni, àwọn tí ó wà láyé àti àwọn tí a kò tíì bí. Ọmọ tí nǹkan kò bá dára fún ní ìdálẹ̀ mọ̀ pé òun ní yàrá kan níbẹ̀ tí òun kò ní í sanwó rẹ̀. Ìyá àgbà tí kò lè rìn jìnnà mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun yóò yà kí òun kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò sì fi ohun kan sílẹ̀. Obìnrin tí kò lówó ìsọ̀ a gbé àtẹ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, a sì máa ta iyọ̀, ata, ìṣáná àti ọṣẹ fún àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, tí wọ́n lè rà á láwìn. A kò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí a fi ń ṣírò owó ilé tí a fẹ́ wó.

Ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, wádìí ọ̀ràn náà ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣì wà ní erékùṣù àti àwọn tí a ti kó lọ, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí ni pé àwọn òṣìṣẹ́ tí owó oṣù ń wọlé fún rí ara gba ìyípadà náà, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní Sùúrùlérè, ilé kò fún mọ́ra, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, omi ẹ̀rọ wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n owó ilé wà, owó ọkọ̀ sì wà, èyí tí àwọn tí ń gbé ilé ẹbí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ, ìyàwó àti ọmọ nìkan ni ilé náà gbà. Ìyá ọkọ kù sí ibòmíràn, àbúrò sì lọ sí ibòmíràn. Àwọn tí ó jìyà jùlọ ni àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́. Aránṣọ tí ó ti ní oníbàárà ní Èkó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Sùúrùlérè, kò rí ẹni tí yóò gbé aṣọ wá. Obìnrin tí ó gbé àtẹ kalẹ̀ níwájú ilé tuntun rí i pé aládùúgbò tí ó kọjú sí òun gbé irú àtẹ kan náà kalẹ̀, kò sì sí èrò tí ń kọjá. Omi ẹ̀rọ tí àwọn baba wọn bá gómìnà jà lé lórí ti wà nínú ilé báyìí. Oníbàárà ni kò sí. Àwọn tí agbára wọn gbé e nínú wọn a jí ní ìdájí, wọ́n a gbé ẹrù wọn wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n a sì tún gba orí Afárá Carter kọjá lọ sí erékùṣù náà, lọ wá ibi tí wọn yóò gbé e kalẹ̀ sí nítòsí àdúgbò wọn àtijọ́.